Bí a ṣe ń fi próòbù tó ń tàn wá òjé àti mẹ́kúrì nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti tàn o! Ẹ wá wò ó!”

Àbúrò wa kan tó ń ṣe másítáàsì ló ké báyìí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú láàbù níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fojú sí máíkírósíkóòpù. Òótọ́ ni, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ló pọ́n yòò. Mo ní kó gbé èyí tí kò kán mẹ́kúrì sí rárá wá. Ó gbé e wá, a wò ó: òun náà pọ́n yòò. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi pa iná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé màá kọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí sílẹ̀, lédè tí a fi ń bára wa jiyàn ní láàbù. Mímú kí nǹkan tàn kò le. Ohun tó le ni mímọ ohun tó mú un tàn. Nítorí ìbéèrè yẹn la ṣe ń gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ máa kà yìí.

Ohun tí próòbù jẹ́

Ẹ ti rí àwọn oníṣòwò ní Tákíè tí wọ́n máa ń tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sára náírà kí wọ́n tó kó o sápò. Àmì tí ojú lásán kò rí á yọ. Èròjà tó wà lára owó gba ìmọ́lẹ̀ alágbára tọ́ọ̀ṣì yẹn, ó jẹ díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, ó wá tu ìyókù jáde ní àwọ̀ tí ojú wa lè rí. Kuníìnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, George Gabriel Stokes sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1852.

Próòbù tiwa jẹ́ èròjà kẹ́míkà kan, ó sì dà bí ọdẹ tó de àtùpà mọ́rí. Ó ní ọwọ́ tó fi ń di irin mú, ó sì ní àtùpà. Bí ọwọ́ bá ṣófo, àtùpà á wà ní pípa. Bí ọwọ́ bá ti di òjé tàbí mẹ́kúrì mú, àtùpà á tàn. Nínú ìdílé rhodamine tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, òrùka kan ló ń pa àtùpà náà. Tí òrùka bá wà ní pípadé, omi próòbù á mọ́ gaara. Tí irin bá ṣí i, omi á di píńkì lójú ẹsẹ̀, á sì máa tàn. Ẹ ò nílò máíkírósíkóòpù láti rí ìyẹn, ẹ lè gbé túùbù síwájú fèrèsé kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: irin tó ti yòrò, tó ti di áyọ́ọ̀nù, nìkan ni próòbù ń rí. Ẹ wo tìróò. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan, wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà. Òjé inú tìróò náà lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, tí ẹ bá bu irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ sínú omi próòbù, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí nǹkan kan, nítorí òjé àti súfúrù ló so pọ̀ níbẹ̀, kò sì rọrùn láti yòrò nínú omi. Ásíìdì náítíríìkì gbígbóná lẹ máa fi yọ́ ọ ná, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta, kí ẹ tó mú ásíìdì náà rọlẹ̀ dé ibi tí próòbù lè fara dà. Àbúrò kan tó dán tìróò ìyá rẹ̀ wò láìyọ́ ọ lọ sílé lọ sọ fún wọn pé kò ní òjé. A ní láti pè é padà.

Ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tí ẹ ń wá

Òjé ni, àbí mẹ́kúrì, àbí kádímíọ̀mù? Ẹ má sọ pé gbogbo wọn. Òjé ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú ilé. Mẹ́kúrì ni wọ́n ń bá nínú àwọn ìpara àti ọṣẹ ìbóra kan. Ìwà wọn ò jọra, ọwọ́ tó lè dì wọ́n mú náà ò sì jọra.

Mẹ́kúrì fẹ́ràn súfúrù gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ próòbù mẹ́kúrì fi ní súfúrù lára, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí mẹ́kúrì á já súfúrù náà gbà pátápátá, tí próòbù ò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Òjé máa ń fara wé kálísíọ̀mù. Próòbù Fura-2 tí onímọ̀ kẹ́míkà Roger Tsien àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1985 láti fi wo kálísíọ̀mù, òjé àti kádímíọ̀mù a máa dì í mú ju kálísíọ̀mù gan-an lọ. Kádímíọ̀mù àti síńkì sì dà bí ìbejì. Próòbù tó bá ní òun mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ ní kó fẹ̀rí hàn.

Ẹ yan èyí tó ń tàn tó bá rí irin, ẹ má yan èyí tó ń kú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè pa iná nínú sẹ́ẹ̀lì, títí kan bàbà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Kí ẹ tó náwó lórí próòbù kankan, ẹ lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára fílítà máíkírósíkóòpù tí ẹ máa lò. Tí fílítà aláwọ̀ ewé nìkan bá wà níbẹ̀, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bíi 488 nm (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n), próòbù rhodamine tó fẹ́ bíi 550 nm ò ní ṣe yín láǹfààní, bó ti wù kó dára tó.

Ìṣirò kan tí kò yẹ kí ẹ fò

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà omi mímu sí 10 µg nínú lítà kan fún òjé, 6 fún mẹ́kúrì, 3 fún kádímíọ̀mù. Iṣẹ́ tiwa, µM la fi ń kọ ọ́, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù mólù nínú lítà kan (1 mM jẹ́ 1,000 µM, 1 µM jẹ́ 1,000 nM), àwọn méjèèjì kì í sábà pàdé lórí tábìlì kan náà. Ẹ jẹ́ ká mú wọn pàdé. Mólù òjé kan wúwo tó gíráàmù 207. Ẹ fi 207 pín 10 µg, ó di 0.048 µM, ìyẹn 48 nM. Mẹ́kúrì á bọ́ sí bíi 30 nM, kádímíọ̀mù sí bíi 27 nM.

Ẹ wá padà sí próòbù yín. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ kán òjé 10 µM sí i ló tó tàn, ohun tó ju ti omi mímu lọ ní ìlọ́po 200 àti díẹ̀ ló ń dúró dè. Ìyẹn ò sọ ọ́ di aláìwúlò. Sẹ́ẹ̀lì lè kó irin jọ sínú ju omi tó yí i ká lọ. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú tíísísì pé próòbù yín lè dáàbò bo àwọn tó ń pọn kànga ládùúgbò. Mo ti ka irú gbólóhùn yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Pípo àwọn omi iṣẹ́

Ẹ fi ásíìdì náítíríìkì tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ gbogbo ìgò mọ́jú, kí ẹ tó fi omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ṣan wọ́n. Píọ̀ wọ́tà kọ́ o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń wọn ìyẹ̀fun.

Omi irin ìpìlẹ̀ jẹ́ 10 mM, 10 mL. Òjé náítíréètì, 33.1 mg. Mẹ́kúrì kílóráídì, 27.2 mg. Kádímíọ̀mù kílóráídì tí kò ní omi lára, 18.3 mg. Ẹ kán ásíìdì náítíríìkì ẹyọ kan sínú ti òjé kó má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Próòbù ní tirẹ̀, DMSO, omi kẹ́míkà kan tó ń yọ́ ọ, lẹ máa fi pò ó sí 5 mM. Tí mólù rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 457, bíi ti rhodamine B hydrazide, 2.3 mg nínú 1 mL ló máa jẹ́. Ìdí tí mo fi ní 5 mM ni pé 1 µL rẹ̀ nínú 1 mL á fún yín ní 5 µM, DMSO ò sì ní ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. DMSO tó bá pọ̀ á da sẹ́ẹ̀lì láàmú, ẹ ó wá máa ro pé irin ló ń dà á láàmú. Ẹ fi fóìlì wé ìgò próòbù.

Bọ́fà wá kù, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí pH (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó) yí padà. Ibí ni mo ti ṣubú. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lo PBS, bọ́fà tó ní fọ́sífétì, nítorí òun ló wà nínú fíríìjì, òun náà ni gbogbo ènìyàn ń fi fọ sẹ́ẹ̀lì. Próòbù òjé mi ò tàn. Mo bú próòbù, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Lọ́jọ́ kan mo fi PBS po omi òjé 1 mM, mo gbé túùbù náà sójú fèrèsé, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ògì ṣe máa ń wà lábẹ́ omidùn. Fọ́sífétì inú PBS ti gbá òjé mú, wọ́n ti jọ di òkúta. Kò sí òjé kankan nínú omi tí próòbù ì bá rí. Láti ìgbà náà, HEPES ni mo ń lò: 20 mM, pH 7.4, pẹ̀lú iyọ̀ tábìlì àti gúlúkóòsì díẹ̀, láìsí fọ́sífétì. Ẹ má fi irin sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tó ní síróọ̀mù (omi ara ẹ̀jẹ̀) náà, nítorí púrótéènì inú rẹ̀ á di mẹ́kúrì yín mú kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ dán an wò nínú túùbù ná

Ẹni tó bá sáré lọ síbi sẹ́ẹ̀lì láìṣe èyí á padà wá. Ẹ bu bọ́fà 2 mL, ẹ fi próòbù 5 µM sí i, ẹ ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá láìsí irin. Ẹ wá máa kán irin sí i, 0.5 µM lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró títí nọ́ńbà ò fi yí mọ́ kí ẹ tó kán òmíràn. Ẹ ya ìlà rẹ̀. Mẹ́ta ìgbà ìyàtọ̀ àárín kíkà mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn (tí wọ́n ń pè ní standard deviation), tí ẹ bá fi ìdagun ìlà pín in, lẹ ó fi mọ irin tó kéré jù tí próòbù lè rí.

Lẹ́yìn náà ẹ kó àwọn ará ilé sẹ́ẹ̀lì wá. Potásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì tó bíi 140 mM, nítorí náà ẹ má fi 10 µM dán an wò kí ẹ ní kò dà á láàmú. Ẹ fi magnísíọ̀mù 1 mM sí i, kálísíọ̀mù, síńkì, bàbà àti irin gidi. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i láìsí òjé, kí ẹ wá fi í sí i pẹ̀lú òjé. Ti ìkejì yẹn ló ń tú àṣírí: síńkì lè má tan próòbù, síbẹ̀ kó jókòó sí àyè òjé. Fún mẹ́kúrì, ẹ fi glutathione 1 mM sí i. Sẹ́ẹ̀lì kún fún un, súfúrù ló wà lórí rẹ̀, mẹ́kúrì á sì ti gbé e níyàwó kí próòbù yín tó dé.

Ásíìdì ló kù. Òrùka rhodamine a máa ṣí fúnra rẹ̀ tí omi bá kan, láìsí irin kankan. Ẹ kà á láti pH 4 dé 9. Àwọn yàrá kéékèèké kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí pH wọn kò ju 4.5 sí 5 lọ. Tí próòbù yín bá ń tàn ní 5, ẹ ó rí àwọn ààmì pupa tó-tò-tó nínú sẹ́ẹ̀lì tó ṣì mọ́ tónítóní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò wa nìyẹn.

Sẹ́ẹ̀lì wo?

HeLa ni ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks ní 1951. Ó fẹ́ ínkúbétọ̀ tó dúró sí 37 °C pẹ̀lú kábọ́nì dáyọ́sáídì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ní òru àti lọ́sàn-án, yálà iná wà tàbí kò sí. Ẹni tó bá ní ínfátà tó gbé e, kó lò ó. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì. Ó wà láàyè, ó pọ̀ lọ́jà, 30 °C tó fún un, tí iná bá sì lọ fún wákàtí mẹ́ta kò ní tìtorí ẹ̀ kú.

Ẹ̀tàn kan wà nínú rẹ̀ ṣá. Yíìsì gbígbẹ tí ẹ bá rà wálé, òkú pọ̀ nínú rẹ̀. Awọ ara òkú sẹ́ẹ̀lì ti lu, gbogbo àwọ̀ tó bá rí ló ń gbà wọlé, òun ló sì máa ń tàn jù lórí gíláàsì. Ojú yín á lọ síbẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ gbìn ín mọ́jú nínú oúnjẹ tó ní gúlúkóòsì 2 nínú ọgọ́rùn-ún, lówùúrọ̀ ẹ bu díẹ̀ sínú oúnjẹ tuntun fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ fi methylene blue kán an wò: alààyè á sọ àwọ̀ náà di funfun, òkú á dúró ní búlúù. Ẹ ka 200. Tí òkú bá ju 10 lọ, ẹ tún un gbìn.

Ẹ má ra próòbù tí wọ́n fi AM parí orúkọ rẹ̀ fún yíìsì. Iṣẹ́ AM ni láti bá próòbù wọ sẹ́ẹ̀lì kí àwọn ẹ́ńsáímù sẹ́ẹ̀lì tó gé e kúrò níbẹ̀. Lára yíìsì, wọ́n lè ti gé e kúrò lẹ́nu ògiri, próòbù á wá dúró síta. Rhodamine olórùka pípadé kò ní wàhálà yẹn, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an

Ẹ yí 1 mL yíìsì nínú ẹ̀rọ ayíbírí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi bọ́fà HEPES fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi próòbù 1 µL sí i, ẹ wé e ní fóìlì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní 30 °C. Ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Próòbù tó bá ṣẹ́kù síta á di kùrukùru lójú máíkírósíkóòpù. Ẹ fi irin 5 µM sí i, ogún ìṣẹ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kán 10 µL sórí gíláàsì, ẹ bò ó, ẹ wò ó kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé.

Túùbù kan ṣoṣo kọ́ ni mò ń sọ o. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà lórí àga lọ́jọ́ kan náà: sẹ́ẹ̀lì nìkan, nítorí sẹ́ẹ̀lì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì àti irin láìsí próòbù, sẹ́ẹ̀lì àti próòbù láìsí irin, èyí tí àbúrò wa ì bá kọ́kọ́ wò, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fi ooru pa, kí èyí tó ní gbogbo rẹ̀ tó wá jókòó.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí a fi EDTA àti TPEN ṣe. Àwọn méjèèjì ń já irin gbà lọ́wọ́ próòbù. EDTA kì í wọnú sẹ́ẹ̀lì, TPEN ń wọlé. Ẹ kán EDTA sí sẹ́ẹ̀lì tó ń tàn. Tí iná bá kú, ara ògiri ni irin yín wà, kò wọlé rárá. Tí kò bá kú, ẹ kán TPEN, tó ń fi agbára di kádímíọ̀mù mú. Tó bá kú báyìí, inú ilé ló wà. Ẹ má dán èyí wò pẹ̀lú próòbù tí mẹ́kúrì ti já súfúrù rẹ̀ gbà. Iná tiẹ̀ ò ní kú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi TPEN.

Níbi máíkírósíkóòpù, iná funfun lẹ máa fi wá ojú sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe iná próòbù, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi ń tẹjú mọ́ ọn ló ń sá lọ. Ẹ lo túùbù tó ní gbogbo rẹ̀ láti yan ìwọ̀n àkókò fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má yí i mọ́ títí gbogbo ẹlẹ́rìí fi parí. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa yàn fúnra rẹ̀, ó máa na ọwọ́ òkùnkùn títí á fi mọ́lẹ̀, gbogbo túùbù á jọra. Nígbà ọyẹ́, eruku àti fọ́nrán òwú máa ń tàn búlúù rẹ́súrẹ́sú lórí gíláàsì. Ẹ má ka ìyẹn mọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Nọ́ńbà

ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò, ò gba kọ́bọ̀. Ẹ fa ìlà yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan po, ẹ mú àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀ ibi tí kò sí sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ti fi ìwọ̀n àyè tí sẹ́ẹ̀lì náà gbà sọ di púpọ̀, kúrò. Ó kéré tán àádọ́ta sẹ́ẹ̀lì fún túùbù kan, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣa èyí tó rẹwà.

Kí ẹ tó kọ pé òjé wà níbẹ̀, ẹ kó ìyókù sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ fi ásíìdì yọ́ ọ, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn iye irin. Ẹ̀rọ yẹn kì í sọ ibi tí òjé wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ó máa sọ iye rẹ̀, próòbù yín á sì sọ ibi tó wà. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá ta kora, AAS ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà gbọ́, kí n tó lọ wá ibi tí mo ti ṣìṣe.

Omi irin tó kù, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì onídèérí kan sábẹ́ tábìlì, ẹ kọ orúkọ irin àti ọjọ́ sára rẹ̀, ti mẹ́kúrì lọ́tọ̀, títí ẹni tó ń bójú tó ìdọ̀tí kẹ́míkà fi máa kó o. Ìbọ̀wọ́ náà, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ tó jáde, pàápàá lásìkò màngòrò, nítorí kò sẹ́ni tí mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí tó ń fi ṣíbí jẹ ẹ́.